Imú Mi Kú ní Kùtọnú

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀run àpáàdì ṣe ń rùn, kó má wulẹ̀ dúró de ikú. Kó wá sí Àkpàkpà ní Kùtọnú, kó ṣí fíríjì àlòkù kan tí wọ́n kó ti ìlú òyìnbó dé, tó ti há sínú àpótí ọkọ̀ ojú omi fún oṣù méjì pẹ̀lú ẹran nínú ikùn rẹ̀.

Fíríjì fífọ̀ ni iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí ní Kùtọnú. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Nílé, ní Ṣakí, kẹ̀kẹ́ ni mo ń tún ṣe. Nígbà tí ọ̀kadà gba ojú ọ̀nà tán, ó wá ku èmi àti sípánà mi, à ń wojú ara wa. Mo ní kàkà kí ọkọ ọmọ mi máa da ọkà fún mi bí adìẹ, màá kúkú lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí. Bí mo ṣe dé Kùtọnú kò dùn-ún sọ, ẹ jẹ́ kí n fò ó. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, mo sì ka ìkẹta nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà bí ìtàn mi bá wọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kìíní, ọ̀gá mi nàka sí fíríjì kan tó ga jù mí lọ. Ó ní, "Bàbá Ṣakí, ẹ ṣí i."

Mo ṣí i. Ẹ̀yin èèyàn mi! Ohun tó jáde níbẹ̀ kọjá òórùn. Ó ní ẹsẹ̀, ó ní èjìká, ó sì fi èjìká náà tì mí. Igún kan tó ń fò kọjá lókè já bọ́ sórí páànù. Bí ẹ bá ní irọ́ ni mo ń pa, ẹ lọ bi páànù náà, ó ṣì tẹ̀ dòní. Mo bì. Mo bi oúnjẹ àárọ̀, mo bi oúnjẹ àná, mo bi ẹ̀bà tí ìyàwó mi tẹ̀ fún mi kí n tó kúrò ní Ṣakí. Ọ̀gá mi dúró tì mí, ó ń fi àtàǹpàkò yí ojú fóònù rẹ̀. Kò tilẹ̀ wò mí.

Ó ní, "Ó máa mọ́ yín lára."

Kò sí èpè tí wọ́n ti ṣẹ́ fún mi rí tó burú tó ìyẹn.

Lóṣù àkọ́kọ́ yẹn, kò sí ohun tí n kò kórìíra nílùú náà. Mo kórìíra èéfín àwọn zémì, ọ̀kadà wọn tí ń rọ́ kiri bí eṣinṣin. Mo kórìíra Faransé, èdè tí wọ́n ń fi imú sọ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Àwọn Nàgó tí mo rò pé ara kan náà ni wá, wọ́n ní Yorùbá làwọn náà ń sọ, ṣùgbọ́n bí mo bá ti la ẹnu sọ tèmi, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ọ̀bọ ló kí wọn. Mo gba yàrá kan ní Gbégamey, nínú agboolé tí èèyàn mẹ́rìnlá ti ń pọn omi nídìí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Bí mo bá ti gbé korobá mi dé ibẹ̀, gbogbo wọn á fi àyè sílẹ̀ fún mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀wọ̀ àgbà ni. Ìgbà tí onízémì kan gbé mi, tó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹta, tó wá bi mí pé, "Bàbá, ẹja wo lẹ gbé?" ni mo tó mọ̀ pé òórùn mi ló ń ṣáájú mi lọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kún. Kí wọ́n tó kọ orin kejì tán, èmi nìkan ló kù níbẹ̀. Àwọn ará nínú Olúwa ti ṣí lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tẹ̀rín tẹ̀rín. Mo ń múra àtidìde ni obìnrin kan wá jókòó tì mí pẹ̀kí. Ìyá Kolẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é, ará Ṣábẹ̀ ni, dègè ló ń tà: jéró tí wọ́n sè, tí wọ́n pò mọ́ wàrà kíkan, tí wọ́n ń mu ní tútù. Ó ṣí ìwé orin síwájú mi, ó fẹnu sí mi létí.

"Bàbá, ẹ ń rùn."

Mo ní, "Mo mọ̀, ọmọ mi."

"Ẹ máa fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ara. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ wá jókòó síbí. Àyè yín á máa wà."

Nígbà tí a jáde, ó bu dègè sínú ife fún mi. Mo mu ún lórí ìdúró. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rò pé ó ṣeé ṣe kí èèyàn gbé Kùtọnú kó má kú.

Iṣẹ́ fíríjì ní òfin tirẹ̀. Inú kọ́ ló ṣòro fọ̀, rọ́bà tó yí ẹnu ilẹ̀kùn ká ni. Abẹ́ rọ́bà yẹn ni èṣù kọ́lé sí. Omi ẹran, wàrà tó ti kú, ẹyin tó fọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gbé fíríjì náà sókè sódò, gbogbo rẹ̀ á wọ́ lọ sábẹ́ rọ́bà, á dúdú, á yọ̀, á bí ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa, á fa rọ́bà náà yọ, á fi igi họ abẹ́ rẹ̀, á fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, á tún fi jáfẹ́lì, omi tó ń sọ aṣọ di funfun, pa á, á wá ṣílẹ̀kùn rẹ̀ sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe níbẹ̀rẹ̀, ìríra ló ń mú mi ṣe é.

Ọ̀gá mi wá bá mi lọ́jọ́ kan. Ọmọ Pobẹ̀ ni, mo bí irú rẹ̀, ó sì ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. "Ẹ̀yin Bàbá yìí, ṣé ẹ fẹ́ fi fíríjì yìí fẹ́yàwó ni? Fíríjì kan, ọjọ́ mẹ́rin!"

"Ọ̀gá, abẹ́ rọ́bà rẹ̀ ló ń rùn."

"Ta ló ń wo abẹ́ rọ́bà? Ẹ kun ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́dà funfun, ẹ nu inú rẹ̀, ẹ rẹ òwú sínú lọ́fínńdà, ẹ fi há ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀fọ́ sí." Ó wá gbé ọwọ́ lé fíríjì náà lórí, ó di ojú. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù ń fọ ohun gbogbo mọ́. Ẹ ṣe àmín."

Díákónì ni, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa gan-an. Ohùn rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí aláǹgbá ògiri fi ń dẹ́kun orí mímì bó bá ń kọrin. Bó ṣe ń ṣe sí gbogbo fíríjì rẹ̀ nìyẹn: dípò eérú, àdúrà, dípò ọsàn wẹ́wẹ́, àmín. Ó pe ẹ̀jẹ̀ Olúwa tí wọ́n ta sílẹ̀ lórí igi, ó ní kó wá bá òun ṣe iṣẹ́ kànrìnkàn.

Mo fẹ́ tutọ́. Ẹ̀mí mi kọ̀ ọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n mo rántí yàrá mi ní Gbégamey, mo rántí ọkọ ọmọ mi, mo gbé itọ́ náà mì, mo ní, "Àmín."

Láti ọjọ́ tí mo ti gbé itọ́ yẹn mì ni imú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ló kú o. Kí òjò tó dáwọ́ dúró lọ́dún yẹn, n kò bì mọ́, ojú mi kàn ń ṣomi ni. Lẹ́yìn náà, ojú mi gbẹ. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, mo ti lè ki ọwọ́ òsì bọ inú fíríjì tó ti jẹrà kí n sì fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ búrẹ́dì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnikẹ́ni kì í ṣí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́. Mo rò pé mo ti mọ́ ni. Wọ́n tilẹ̀ fi mí ṣe olórí àwọn tó ń to àga, mo ń gbé àyà síwájú bí ẹyẹlé.

Mo ti máa ń rò pé bí ìdánwò bá fẹ́ mú ọmọlẹ́yìn Jésù, á wá pẹ̀lú ariwo, á kun ètè, á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti múra sílẹ̀ de irú ìyẹn, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó fẹ́ fi ètè pupa dán arúgbó tó ń rùn bí ẹja wò. N kò mọ̀ pé á wá bí àṣà. Ẹ wo kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ wọ́ díẹ̀, bí ìbú ìka. Ẹni tó ń gùn ún kò ní mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ á máa fà á padà láìrò ó, á máa lọ, á máa súfèé. Ọjọ́ tó bá jọ̀wọ́ ìdarí ni kẹ̀kẹ́ á sọ òtítọ́ fún un nínú kòtò. Ogójì ọdún ni mo fi tọ́ irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹlòmíì.

Ìyàwó mi máa ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Èmi náà á bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Ìyábọ̀, ọ́fíìsì mi tutù débi pé ẹ̀wù méjì ni mo ń wọ̀. Èmi ni mo ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìtutù ní gbogbo èbúté. Yovó méjì, òyìnbó gidi, ló ń gbé ìwé tẹ̀lé mi."

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Ìyábọ̀. Aṣọ tẹ́ ẹ fi rán awakọ̀ sí mi ti dé. Mo ti sá a sóòrùn."

"Ṣé ó dára?"

"Ó dára."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní, "Ṣé o ti wọ aṣọ yẹn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ó ṣì wà lóòrùn." "Ṣé ẹ ń tẹ̀lé Jésù níbẹ̀ ṣá?"

"Èmi kẹ̀! Bí mo ti ń lọ yìí, Jésù ló ń sáré kó lè bá mi."

Kò rẹ́rìn-ín. Mo rò pé fóònù ló já.

Ọ̀sẹ̀ kan kí Àjíǹde kejì tí mo ṣe ní Kùtọnú tó dé, fíríjì kan bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó gùn, ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, irú èyí tí wọ́n ń gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù. Odindi àgùntàn ló ti rà sínú rẹ̀. Mo kó egungun rẹ̀ dànù, mo nu ún, mo kùn ún, mo fi òwú há a. Abẹ́ rọ́bà, n kò dé ibẹ̀. Mo ń fọwọ́ nu ọ̀dà kúrò lára ni Ìyá Kolẹ́ẹ̀tì wọlé, ó so gèlè, ojú rẹ̀ ń dán.

"Bàbá Ṣakí! Ẹ̀yin lẹ fọ èyí?"

"Èmi ni."

"Ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Ẹ mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ni mo ti ń tajà, àwọn ọmọ kéékèèké ló ń mu dègè mi. Ṣé ó mọ́?"

Ọ̀gá mi wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ gbọ́, n kò ronú rárá, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ẹnu mi ti mọ ọ̀nà.

Mo ní, "Ó mọ́ bí àyà áńgẹ́lì."

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dúpẹ́. Ó ní òun ò ní gbé nǹkan kan sínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbàdúrà sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tó bá ra nǹkan tuntun á gbé e wá sí àgbàlá lẹ́yìn ìsìn fún ìyàsímímọ́. Mo ti rí i tí wọ́n gbàdúrà sí ọ̀kadà, sí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n tilẹ̀ gbàdúrà sí eyín àtọwọ́dá bàbá kan lójú mi, ó sì ń sọ Faransé lẹ́yìn náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọjọ́ Ìsinmi yẹn, fíríjì Ìyá Kolẹ́ẹ̀tì dé lórí ọmọlanke, wọ́n ta ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Ìyá náà gbé abọ́ dègè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pò wá, pé bí wọ́n bá ṣe "Àmín" tán, òun á gbé e sínú rẹ̀, àwọn ọmọ á sì mu ún láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Gbogbo wa yí i ká.

Pásítọ̀ ní, "Bàbá Ṣakí ló fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí Bàbá gbàdúrà."

Ìyá Kolẹ́ẹ̀tì bu ife kan, ó fi orúnkún kanlẹ̀ gbé e fún mi. "Ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ mu, Bàbá."

Mo gbé e súnmọ́ ẹnu. Wàrà. Mo gbọ́ òórùn wàrà! Wàrà mímọ́, jéró, ṣúgà díẹ̀. Bí ìgbà tí èèyàn gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nínú ọjà ni. N kò mọ ìgbà tí mo ti gbọ́ òórùn nǹkan kan mọ́. Mo dúró, mo ń fà á símú bí ajá. Ọwọ́ kejì mi ti ṣílẹ̀kùn fíríjì náà fún àdúrà, mo sì tún fà á símú lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lọ́fínńdà ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn lọ́fínńdà, òun. Ẹni tó ní ẹsẹ̀, tó ní èjìká. Ó ní, Bàbá Ṣakí, a tún pàdé.

Mo wo yíká. Kò sí ẹni tó bo imú. Imú gbogbo wọn ti kú bí tèmi ni àbí lọ́fínńdà ló ń tàn wọ́n jẹ, n kò mọ̀.

Ọ̀gá mi ní, "Bàbá, ẹ gbàdúrà, oòrùn ń pa wá."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí Lásárù kú, tí Jésù dé ibojì rẹ̀, kí ni Màtá sọ?"

Àwọn obìnrin ní, "Ó ní ó ti ń rùn."

"Ṣé Jésù ní kí wọ́n lọ ra lọ́fínńdà wá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà mi ni, torí aláwàdà ni wọ́n mọ̀ mí sí. "Rárá o!"

"Ó ní kí wọ́n gbé òkúta kúrò." Mo gbé ife sílẹ̀, mo ki èékánná bọ abẹ́ rọ́bà, mo sì fà á láti òkè délẹ̀.

Ohun dúdú tó já bọ́ síbẹ̀, ó ń rìn. N kò ní bu iyọ̀ sí èyí; kò nílò rẹ̀. Àwọn obìnrin ké, akọrin kan bì sínú fìlà rẹ̀. Ọ̀gá mi pariwo pé, "Ara Bàbá ò yá! Ọjọ́ orí ló ń dà á láàmú!"

Mo ní, "Ara mi yá. Imú mi ni kò yá, ó sì ti sàn."

Ìyá Kolẹ́ẹ̀tì nìkan ni kò sún sẹ́yìn, bó ṣe ṣe lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́sí.

"Ẹ sọ fún mi pé ó mọ́."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ mọ̀ pé kò mọ́?"

"Mo mọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ife rẹ̀ nílẹ̀. "Bàbá, kì í ṣe fíríjì ni mo rà lọ́wọ́ ọ̀gá yín. Ẹnu yín ni mo rà."

Pásítọ̀ ní ká kọrin. Díákónì ló dá a, ohùn rẹ̀ ò tilẹ̀ gbọ̀n. Bí mo ti ń wí yìí, òun náà ló ṣì ń gbé àwo ọrẹ kiri lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá dé iwájú mi, inú mi á rú. Mo ń dúpẹ́ pé ó ń rú.

Ní ọjọ́ kejì, ó lé mi dànù, pẹ̀lú "ẹ" rẹ̀ náà: "Ẹ kó ìgbálẹ̀ yín, ẹ máa lọ." Mo kó o. Mo ra ọsàn wẹ́wẹ́, mo bu eérú, mo lọ sílé Ìyá Kolẹ́ẹ̀tì. Kò kí mi. Ó kàn fi ẹnu tọ́ka ibi tí fíríjì wà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi họ ọ́, mo bì lójoojúmọ́ bí aboyún. Lọ́jọ́ kẹrin, ó gbé dègè síbẹ̀, ó dúró kó tutù, ó bu ife kan, ó nà án sí mi lórí ìdúró. Kò kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ mu ún. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ ná. Kí lẹ gbọ́?"

"Wàrà."

"Kí ló kù?"

"Ọsàn wẹ́wẹ́."

"Ẹ mu ún." Mo mu ún tán lójú rẹ̀. Ó gba ife náà. "Lọ́jọ́ Ìsinmi, àyè yín wà lórí bẹ́ǹṣì. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì bá mi sọ̀rọ̀."

Oṣù mẹ́rin ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀, a sì ń wo ìwé orin kan náà.

Lábẹ́ igi kan ní Gbégamey ni mo ti ń fọ fíríjì tèmi báyìí. Ọjọ́ mẹ́rin fún ọ̀kan, rọ́bà á jáde. Mo ṣì ń bì. Òwúrọ̀ tí mo bá ṣílẹ̀kùn èyí tó ti rà tí inú mi kò sì rú, mo máa ń dúró, mo máa ń bi ara mi pé irọ́ wo ni mo pa lánàá.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí mo mu dègè yẹn tán, nígbà tí ìyàwó mi pè, n kò jẹ́ kó kí mi tán.

"Ìyá Ìyábọ̀, n kò ní ọ́fíìsì. Kò sí yovó kankan. Fíríjì àwọn ẹlòmíì ni mo ń fọ̀."

Mo gbọ́ adìẹ wa tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo ti mọ̀ látọjọ́ tí aṣọ yẹn ti dé," ló wí. "Ọdún kan àbọ̀ ló fi wà lóòrùn. Mo ń retí ọjọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín á gbọ́ òórùn rẹ̀ ni. Ó dáa, màá ká a wọlé báyìí."